Òróró Ata Ìyá Oníkọ́tìnì

Gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ ọjọ́ tí Ìyá Oníkọ́tìnì bá ń yan ata. Àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á máa sín, wọ́n á máa ti fèrèsé, ẹnì kan á sì bi í láti ìta pé ṣé ó fẹ́ lé gbogbo àwọn jáde kí òun nìkan lè ráyè gba ilé ni. Á ní kí wọ́n fara dà á díẹ̀, ọmọ òun ló ń retí ẹ̀.

Kọ́tìnì ló ń rán, ọkọ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti gbéyàwó, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú míì. Láti kékeré ni ọmọ yìí kì í ti í jẹun tí kò bá rí òróró ata ìyá rẹ̀. Ìrẹsì o, ẹyin o, búrẹ́dì pàápàá, á ṣáà bù ú sí i.

Ìyá ò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Á já ìdí ata gbígbẹ, á gbọn hóró rẹ̀ dànù, á wá máa yí i nínú páànù gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ta sánsán. Bó bá fi lè dúdú báyìí, ó ti korò nìyẹn, á dà á nù. Á gún un, kò sì ní jẹ́ kó kúnná jù. Á dín àlùbọ́sà àti aáyù nínú òróró títí wọ́n á fi pọ́n, á yọ wọ́n, á sọ òróró náà kalẹ̀. Á ju ègé ata kan sí i. Bó bá hó tí kò jó, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà á lé ata lórí díẹ̀díẹ̀, á fi iyọ̀ sí i. Ọjọ́ kejì ló ń tó rọ ọ́ sígò, á fi téèpù yí ìdérí rẹ̀ ká, á gbé e fún awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà yẹn. Ọmọ á pè é pé ó ti dé, á dúpẹ́, inú ìyá á sì dùn di ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tó yá, ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sílé tuntun, wọ́n ní kí ìyá wá wọn fèrèsé kó lè rán kọ́tìnì sí i. Ọmọ ṣì wà níbi iṣẹ́ nígbà tó débẹ̀. Ìyàwó gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní kó sinmi, ó sì bọ́ sẹ́yìn láti lọ ká aṣọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá kì í dilẹ̀. Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó rí eruku lójú fèrèsé, ó ṣí abẹ́ síǹkì láti wá àkísà.

Òróró ata rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Wọ́n to àwọn ìgò náà jọ dé ẹ̀yìn, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣí. Téèpù ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára gbogbo wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ìyàwó ló ń gbé e pamọ́ fún ọkọ rẹ̀. Inú bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìgò náà jáde sórí tábìlì. Ìyàwó wọlé bá a, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọkọ òun dé, kò yẹ kó jẹ́ ẹnu òun ló ti máa gbọ́ ọ.

Ọmọ dé. Ìyá wá rí ohun tí fóònù kì í jẹ́ kó rí: ṣẹ́ẹ̀tì ti tóbi ju ọmọ náà lọ, ọrùn rẹ̀ sì ti rù. Ọmọ wo àwọn ìgò tó wà lórí tábìlì, ó jókòó.

"Ikùn mi ni, Màámi. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n gé lára rẹ̀ kúrò. Mi ò lè fẹnu kan ata mọ́."

"Nígbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"O wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, èmi wà nílé, mò ń yan ata."

"Mo fẹ́ sọ fún yín. Àmọ́ tí ẹ bá ti pè pé ẹ rí ata tó dáa rà, ohùn yín á ti yàtọ̀ fún ayọ̀. Mi ò rí ẹnu sọ ọ́."

Ìbínú tán lára ìyá. Ì bá sàn fún un ká ní ó ṣì ń bínú. Ó ní kó fi ojú ibẹ̀ han òun. Ọmọ ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ìyá sì fi ìka tọ ojú àpá náà láti òkè dé ìdodo, bó ṣe máa ń tọ ojú rírán lára aṣọ.

Ó béèrè ohun tó lè jẹ. Wọ́n ní ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja sísè. Ó sè é fún un nírọ̀lẹ́ yẹn láìfi ata sí i. Ọmọ jẹ díẹ̀, ó dúpẹ́, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá ò bi í bóyá ó dùn.

Ó kó àwọn ìgò náà padà sílé. Nígbà tó ṣí èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, òróró náà ti kan. Ó rán kọ́tìnì wọn, ó fi ránṣẹ́. Ó máa ń pe ọmọ rẹ̀ báyìí láti béèrè ohun tó jẹ, ọmọ á sì sọ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì á dákẹ́ sórí fóònù, torí ìyá ò mọ ohun mìíràn tó lè sè fún un.