Àtẹ́lẹ̀ Bàtà Pẹ́pẹ́yẹ

Ìró tí Aránbàtà kọ́kọ́ mọ̀ láyé rẹ̀ ni ìró sálúbàtà ìyá rẹ̀. Pà, pà, pà ló máa ń dún lórí ilẹ̀ líle bí wọ́n bá ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀, òun náà á sì máa sáré tẹ̀ lé e kó má baà pàdánù rẹ̀. Bí inú bá ń bí ìyá, ìró náà á yá kánkán. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa falẹ̀ bí ẹni tó ń jó. Kí ọmọ náà tó mọ ìwé kà dáadáa ló ti lè fi etí mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ní ibẹ̀ niṣẹ́ bàtà ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì bá wọn jiyàn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kótópó kan lọ níwájú ilé tó ń gbé, láàárín ilé télọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Bí oníbàárà bá gbé bàtà kalẹ̀, kì í béèrè ohun tó ṣe é. Yóò dojú rẹ̀ dé, yóò wo àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, á ní, "Èjìká ọ̀tún lẹ máa ń gbé àpò kọ́," tàbí kó ní, "Ẹ kì í gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ńṣe lẹ máa ń wọ́ ọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àfi bíi pé ó ń ṣọ́ àwọn.

Àmọ́ látìgbà tó ti ra alùpùpù ni ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì ní igun òpópónà, yóò gùn ún. Òun náà ló fi ń gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sílé-ìwé, ọmọ tó ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí bó ṣe máa ń ju ìdí sọ́tùn-ún sósì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ilé-ìwé náà ò jìnnà rárá. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ti sọ ọ́ títí.

"Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ yìí náà lẹ́sẹ̀ o. Àbí orí alùpùpù lẹ fẹ́ gbé e dé ilé ọkọ?"

Ó fèsì pé òun ò fẹ́ kó rẹ ọmọ òun ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé oorun àárọ̀ máa ń dùn mọ́ ọn, ó sì wù ú kí gbogbo àdúgbò rí bí alùpùpù náà ṣe ń dán.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kúkúrú kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ọ̀gá, pe àwọn òbí jọ. Ó ní ọkọ̀ àti alùpùpù ti ń fún pọ̀ jù lẹ́nu géètì láàárọ̀, èéfín wọn ń wọ kíláàsì, ọmọ kan sì ti fara pa díẹ̀. Kí àwọn tílé wọn ò jìnnà jẹ́ kí ọmọ wọn máa bá ẹgbẹ́ wọn fẹsẹ̀ rìn wá. Kó lè wù wọ́n, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ọmọ yóò máa gbé ẹsẹ̀ sókè lórí ìlà, ẹni tí àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ bá jẹ jù ni yóò máa lu aago ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Aránbàtà ló pàtẹ́wọ́ jù. Ó ní iṣẹ́ ti dé fún òun. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé Pẹ́pẹ́yẹ sẹ́yìn alùpùpù.

Ọjọ́ Ẹtì dé, ojú Pẹ́pẹ́yẹ sì wú bọ̀ wálé. Ọmọ télọ̀ ló gba aago. Àwọn ọmọ wo àtẹ́lẹ̀ bàtà Pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n ní ṣé inú gíláàsì ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí ni. Kò bú ẹnikẹ́ni, ohun tó sọ fún bàbá rẹ̀ ò pọ̀: kí àwọn jọ máa tètè jí, káwọn máa fẹsẹ̀ rìn. Bàbá ní kò burú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, oorun tún gbé e lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó rí bàtà ọmọ náà nílẹ̀, ó mọ ohun tí ọ̀la yóò bí. Ó mú ayùn pẹlẹbẹ tó fi ń ra àtẹ́lẹ̀ bàtà, ó ra ti ọ̀tún, ó ra ti òsì, kó lè dà bíi pé ìrìn ló jẹ wọ́n. Ọwọ́ tó mọ bàtà kà yẹ kó mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ ó ń kánjú. Pẹ́pẹ́yẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Kí lẹ ń ṣe sí i, Bàbá mi?"

"Mo kàn ń tún un ṣe ni."

Ọmọ náà gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago ń wù ú.

Ó gba aago náà lóòótọ́. Láti ṣọ́ọ̀bù ni Aránbàtà ti ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lù ú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe díẹ̀, gbogbo ìgbà tí aago bá dún ló máa ń fi òòlù lu bàtà kíkankíkan kó má baà gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ló wà tí Ìyá Ọ̀gá fi yà sọ́dọ̀ rẹ̀, tó ní òun ti gbọ́ pé ó máa ń ka bàtà bí ẹni ń kàwé, kó jọ̀ọ́ wá kà á fáwọn ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì. Kò rí ọ̀nà tó lè gbà sọ pé rárá.

Bàtà ọmọ télọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ó dojú rẹ̀ dé, ara rẹ̀ sì yá gágá. Ó ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀ níbi tó ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ ìta, kí wọ́n wo abẹ́ àtàǹpàkò, kí wọ́n wo ojú ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti gé e. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún jẹ ju tòsì lọ, torí kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rìn bákan náà. Àwọn ọmọ yanu sílẹ̀. Ni ọmọ télọ̀, tó fi ẹsẹ̀ kan dúró, bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka ti Pẹ́pẹ́yẹ náà fún wa."

Pẹ́pẹ́yẹ bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, kò wojú bàbá rẹ̀. Aránbàtà yí wọn padà. Ọ̀tún àti òsì jọra bí ìbejì. Òkúta ò gé wọn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ayùn fà sì tò lọ síbì kan náà bí eyín ìyàrun.

"Ó rìn dáadáa," ló rí sọ.

Ọmọ télọ̀ na ọrùn. "Kí ló dé tí gbogbo ìlà ẹ̀ fi dábùú? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn ni?"

"Bí akàn!" ni ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín sì bú.

Àsìkò nìyẹn tó yẹ kí Aránbàtà sọ pé èmi ni. Bàtà náà ló ń fi àtàǹpàkò nù. Ìyá Ọ̀gá gba bàtà náà, ó wò ó, ó wo Aránbàtà, ó rọra dá a padà fún ọmọ, ó ní káwọn ọmọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ì bá sàn kí wọ́n ju òkúta lù ú. Bí àtẹ́wọ́ náà ṣe ń lọ ni Pẹ́pẹ́yẹ fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ síbi aago, ó mú irin tí wọ́n fi ń lù ú, ó fà á lé ọmọ télọ̀ lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Ohun tí bàbá ò lè ṣe, ọmọ ṣe é.

Lọ́sàn-án, Aránbàtà lọ dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Pẹ́pẹ́yẹ ní òun fẹ́ bá àwọn yòókù rìn. Bàbá rẹ̀ ò tan ẹ́ńjìnnì. Ó ń ti alùpùpù náà bọ̀ lẹ́yìn wọn, òógùn bò ó, ó ń gbọ́ bàtà wọn pà, pà, pà lórí ilẹ̀. Ó tẹ́tí láti mọ èyí tó jẹ́ ti Pẹ́pẹ́yẹ nínú wọn. Kò mọ̀ ọ́n. Òun tó fi etí mọ gbogbo àdúgbò.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù ló ti wá sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ pé òun bàbá ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ. Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́.

"Ẹ bá mi fi àtẹ́lẹ̀ tuntun sí i, Bàbá mi. Ẹ má ra á o."

Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀ tó ti dé láti ibi iṣẹ́.

Aránbàtà jókòó. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dán bí ìgbà tó rà á. Ibì kan ṣoṣo tó jẹ lára rẹ̀ ni òkè bàtà òsì, níbi tó fi máa ń gbé jíà alùpùpù. Ó gbé e sílẹ̀ ní kíá, bí ẹni tó ká ara rẹ̀ mọ́bi tí kò yẹ. Ó ṣí àtẹ́lẹ̀ ọmọ náà kúrò, ó gé tuntun, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sì rán an yíká. Kò sẹ́ni tó wá kí i. Ó ta kókó sídìí òwú, ó fi eyín gé e, ó nu gọ́ọ̀mù tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì to bàtà kékeré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, de ìrìn àárọ̀ ọjọ́ Ajé.