Ẹni Tó Ń Fi Orúkọ Ìyàwó Mi Yan Ìkànnì

Ìyàwó mi ló ra dikódà tó wà nínú pálọ̀ wa, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, mo yí orúkọ tó wà lórí ìwé iná padà sí tèmi, mo yí ti omi náà padà, ṣùgbọ́n mo fi ti dikódà sílẹ̀ bó ṣe wà. Fóònù rẹ̀ náà, n kò pa á. Mo máa ń fi í sí iná láràárọ̀, mo sì máa ń gbé e sápò bí mo bá ń jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìdí rẹ̀, mo máa ń sọ pé nítorí àwọn tí kò tíì gbọ́ ni, kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá pè. Òótọ́ ni. Kì í ṣe òun nìkan ni ìdí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, mo ń bomi rin àwọn òdòdó tó gbìn sí iwájú ilé nígbà tí fóònù náà dún nínú àpò mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, láti ilé iṣẹ́ tó ni dikódà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Màmá wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ yan ìkànnì tí ẹ fẹ́ máa wò ní HD. A ti gbọ́ ohùn yín."

Mo kà á, mo tún un kà. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣàjèjì sí mi. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, bí mo bá ti tan tẹlifíṣọ̀n, àkọlé kan máa ń yọ lójú rẹ̀, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwa oníbàárà pé ìkànnì wo la fẹ́ kí wọ́n fi kún àwọn tó ń jáde ní HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere débi pé èèyàn lè rí ìlà iwájú orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Rìmóòtù ni wọ́n ní kí á fi yan èyí tó bá wù wá. Èmi kì í dá wọn lóhùn. Mo pẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba, a sì máa ń béèrè èrò àwọn ará ìlú nígbà náà, lẹ́yìn tí a bá ti pinnu ohun tí a fẹ́ ṣe tán.

Èmi nìkan ni mo ń gbé inú ilé náà. Àwọn ọmọ wa wà lókè òkun. N kò yan ìkànnì kankan, ẹni tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ta ló wá ń fi orúkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Àbúrò ìyàwó mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìgèdè, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn níbẹ̀, máa ń wá sí Adó ní gbogbo Sátidé láti se ọbẹ̀ fún mi. Òun nìkan ló ń wọlé tó ń jáde láìkan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìsìnkú, òun ló kó àwọn aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, bí àbúrò ṣe ń ṣe, n kò sì bínú. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ sí ìgbà yẹn, ó ti bi mí léèrè bóyá láìnì fóònù ẹ̀gbọ́n òun ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo rántí pé ó wo ilẹ̀ nígbà tó ń béèrè. Mo wá ń rò ó pé ó bẹ̀rẹ̀ látorí aṣọ, ó ti wá kan orúkọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá a nínú kíṣìnì.

"Ta ló fọwọ́ kan rìmóòtù?"

"Rìmóòtù wo, Bọ̀dá?"

"Èyí tó wà lórí tábìlì."

"Èmi ni. Mo gbé e kúrò níbẹ̀ kí n lè nu tábìlì. Ṣé ó sọnù ni?"

"Kò sọnù."

"Ẹ wá ń béèrè ohun tí kò sọnù. Ẹ tọ́ ọbẹ̀ yìí wò, kí ẹ sọ fún mi bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó."

Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ rẹ̀ tó. N kò sọ fún un pé ó tó. Nígbà tó lọ tán, mo ti rìmóòtù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí mo jẹun tán, fóònù ìyàwó mi tún dún. "Màmá wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun." Mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Rìmóòtù wà níbi tí mo gbé e sí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mo sì ń rò ó pé obìnrin yìí ti ra òmíràn.

Ní ọjọ́ Monday, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn oní-dikódà ní Adébáyọ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkànnì yìí kan náà ni wọ́n sì ń fà. Ọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù ń sọ pé kí wọ́n fi gbogbo ìkànnì bọ́ọ̀lù tó kù sí HD, kí wọ́n yéé dààmú èèyàn.

"Bọ́ọ̀lù kẹ̀?" Obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló dá a lóhùn. "Ṣé òógùn wọn lẹ fẹ́ máa kà ni? Ti fíìmù Yorùbá ni kí wọ́n ṣe. Èmi ń rán aṣọ. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe gé ọrùn búláòsì, kí n lè rán an fún oníbàárà mi."

"Ẹ jẹ́wọ́ o! Ẹ fẹ́ jí sítáì wọn."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù látàárọ̀, ta lẹ ti gbá a wọlé fún rí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, tó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ní ìkànnì ìròyìn ni òun yàn. Wọ́n bi í léèrè kí ló fẹ́ rí níbẹ̀.

"Ojú wọn," ó ní. "Mo fẹ́ wo ojú wọn dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń parọ́."

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti kàn mí. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà han ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ní ẹnì kan ń lo orúkọ ìyàwó mi, mo sì fẹ́ mọ ẹni náà. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí.

"Dádì, kò sí ẹni tó ń jí nǹkan kan. Dikódà méjì ló wà lórúkọ Màmá. Èyí àtijọ́ ni wọ́n ń fi yàn án, kì í ṣe èyí tó wà lọ́dọ̀ yín."

"Ìkànnì wo ni wọ́n yàn?"

Ó sọ ọ́ fún mi, ó sì bo ẹnu rẹ̀ kí n má baà rí ẹ̀rín. Ìkànnì ìpínlẹ̀ wa ni, èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń ṣú bí ẹni pé wọ́n fi èéfín bò ó. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti ń gba èrò àwọn èèyàn, òun kò tíì rí ẹlòmíràn tó béèrè ìyẹn.

Mo ti gbàgbé dikódà àtijọ́ náà. Nígbà tí ìyàwó mi ra tuntun, ó gbé ògbólógbòó lọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìgèdè, òun ló sì ń san owó rẹ̀ látinú àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú mo gbọ́ pé àrá ti bà á jẹ́. Ta ló sọ fún mi pé àrá bà á jẹ́? Àbúrò rẹ̀ ni. Ó parọ́ fún mi nìyẹn. Kí sì ni wọ́n ń fi ìkànnì ìpínlẹ̀ ṣe? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde òkú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ilẹ̀ àti ilé tí ẹbí ń jà sí. Mo wa ọkọ̀ padà sílé, mo sì ń ro oríṣiríṣi nǹkan tí n kò ní kọ síbí.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Bí a ṣe jáde ìsìn ní Sunday, mo kọjá ní Ìyìn, mo dé Ìgèdè, mo gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò kí wọ́n má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Mo gbọ́ orin ìyìn láti ojú fèrèsé kí n tó débẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ìyá ìyàwó mi jókòó sórí àpótí kékeré níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi fò dìde.

"Bọ̀dá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ sọ fún yín."

Ìyá kò yíjú. "Ta nìyẹn? Ṣé ọkọ ọmọ mi ni? Ṣé láti ulé lo ti ń bọ̀? Jókòó, má dí mi lójú."

Mo wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ìyàwó mi máa ń bá kọrin, ló wà níbẹ̀, nínú ètò kan tí wọ́n yà ní ìgbà ìkórè kan ṣáájú àìsàn ìyàwó mi. Ìkànnì ìpínlẹ̀ ṣì máa ń gbé e jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sán Sunday. Gbogbo wọn wọ aṣọ funfun kan náà, gbogbo wọn dé fìlà dúdú kan náà tó bo irun. Nínú àwòrán tó ṣú yẹn, funfun àti dúdú nìkan lèèyàn ń rí, àti àwọn ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ṣe é fún obìnrin yìí. Nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi kú, a sọ fún ìyá pé ó ṣì wà lọ́sibítù. Ó máa ń béèrè, a sì máa ń sọ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Nígbà tí àwọn àgbà wá túfọ̀ fún un, ìsìnkú ti kọjá. Wọ́n tún ní kí a kó gbogbo fọ́tò ọmọ náà kúrò lára ògiri, kí ìyá má baà máa wò ó kó máa sunkún. Èmi ni mo kó wọn sínú bùútù ọkọ̀. Wọ́n wà nínú yàrá mi ní Adó títí di ọjọ́ yẹn, tí a fi aṣọ wé.

"Òun nìyẹn," Ìyá sọ, ó fi ìka kan gíláàsì. "Ẹni tó sanra díẹ̀ yìí. Àbí?"

Àbúrò ìyàwó mi wo ojú mi. Mo rí i pé ó ti máa ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá, Ìyá," mo ní. "Òun kọ́ nìyẹn. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, lẹ́bàá òpó."

Ó yíjú sí mi wàyí. Ojú tó fi wò mí, mo mọ̀ ọ́n. Irú ojú tí èmi náà ti fi ń wo àbúrò ìyàwó mi nínú kíṣìnì mi ni.

"Eléyìí ní ẹni tó sanra ni. Ìwọ ní ẹni ẹ̀bá òpó ni. Ẹ̀yin náà lẹ ní ó wà lọ́sibítù. Ẹ ní ara rẹ̀ ti ń yá." Kò pariwo. "Ìdí tí mo fi ń tẹ nǹkan yìí nìyẹn. Wọ́n ní bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, àwòrán náà máa mọ́. Bó bá mọ́, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ojú ara mi ni màá fi rí i."

Àbúrò ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé òun ló ń san owó dikódà náà láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti kú, àti pé bí òun bá sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, òun bẹ̀rù pé mo lè sọ fún àwọn àgbà, kí wọ́n sì ní kí á gbé tẹlifíṣọ̀n náà kúrò bí a ṣe gbé fọ́tò. Ìdí tó fi béèrè nípa láìnì nìyẹn, ó fẹ́ mọ ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń lọ. Mo ní iyọ̀ ọbẹ̀ Sátidé tó.

Mo mọ ohun tí Ìyá kò mọ̀. Dikódà àtijọ́ yẹn kò lè gbé HD jáde, bí wọ́n tilẹ̀ fi ìkànnì náà kún un. Bí mo bá gbé tèmi wá fún un pàápàá, ohun tí kámẹ́rà kò rí lọ́jọ́ ìkórè, kò sí ẹ̀rọ tó máa rí i lónìí. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí rìmóòtù, n kò sọ ọ́.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e tí wọ́n tún gbé ètò náà jáde, mo gbé dikódà mi àti tẹlifíṣọ̀n mi lọ sí Ìgèdè. Mo sì gbé fọ́tò kan dání, èyí tó yà nínú aṣọ akọrin rẹ̀. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kankan. Ìyá gbà á, kò sunkún. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún, títí kámẹ́rà fi yí dé ẹ̀bá òpó.

"Bó ṣe ń fi orí ṣe nìyẹn," ó ní. "Bó ṣe máa ń tẹ orí sọ́tùn-ún láti kékeré. Òun ni." Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé, "O ò parọ́ lọ́tẹ̀ yìí."

Nígbà tí orin parí, àkọlé yẹn yọ, ó sì na rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́, fóònù dún nínú àpò mi.

"Ta ló ń pè ọ́?"

"Àwọn tó ni dikódà ni, Ìyá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní, 'Màmá wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun.'"

Ó nu gíláàsì fọ́tò náà pẹ̀lú etí ìró rẹ̀.

"Sọ fún wọn kí wọ́n yára," ó ní. "Ojú mi ti ń ṣú."