Orúkọ Tí Bàbá Rẹ̀ Ń Pè É

Ohùn ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi létí. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan tí kò mú, tí màmá arúgbó kan fi ń ha ọ̀dà tútù kúrò lára àwòrán tó fi gbogbo ọ̀sán yà. Ó máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìdí ìkòkò ìrẹsì tó jóná. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá káwọ́ lé itan bí ọmọ ilé ìwé, màá máa wò ó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Amẹ́ríkà láti Ìbàdàn ni nígbà náà. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Glenarden ló bá mi wá iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, kí n máa ṣe é títí n ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni màmá náà, Oxon Hill ló ń gbé, pẹ́ńtà sì ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, òrùlé ni mo ń wò, mo ń wá àkàbà, mo ní arúgbó yìí mà lágbára o. Àṣé àwòrán ló ń yà. Ayàwòrán ni bàbá rẹ̀, ayàwòrán ni ìyá rẹ̀, ayàwòrán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Bí àwọn ìdílé mìíràn ṣe ń jogún oko ni tiwọn ṣe ń jogún búrọ́ọ̀ṣì. Ọkọ ló gbé e wá sí Amẹ́ríkà, ọkọ náà sì ti kú.

Gbogbo wọn wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ló ya ìyá, ìyá ló ya ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ló ya bàbá. Ìṣó kan wá ṣófo ní ìparí. Kò sẹ́ni tó ya òun tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn, wọ́n ní yóò ya ara rẹ̀ tó bá dàgbà. Ó dàgbà, ó ya ojú àwọn ẹlòmíràn káàkiri, ó ń sún tirẹ̀ síwájú. Ìgbà tó fi máa gbé dígí kalẹ̀, àìsàn ìgbàgbé ti wọlé dé.

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ní tirẹ̀, ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù nìyẹn. Tó bá ti jókòó síwájú dígí, ojú rẹ̀ á máa jáde lára aṣọ àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, àfi bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́, á sún sẹ́yìn, á bi mí pé, “Ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Rárá. Ìyá mi ni. Bàbá mi ti ya ìyá mi, tirẹ̀ sì dáa ju èyí lọ.”

Òfin bàbá wọn ni pé àwòrán tí kò bá dáa kò gbọdọ̀ sun inú ilé. Ló bá fa ọ̀bẹ yọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Washington, gbé ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà pamọ́ nígbà kan. Màmá sunkún bí ẹni tí wọ́n jí lọ́mọ gbé, kò fẹnu kan oúnjẹ, àfìgbà tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwòrán náà padà fún un. Mo wá sọ fún àǹtí lórí fóònù pé mo fẹ́ gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ màmá.

“Ọ̀bẹ wo? Please o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fire ẹ ni? You don't touch client's property. Jókòó jẹ́ẹ́, kó o máa gbàdúrà.”

Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo sì gbàdúrà. Ọ̀bẹ ń dún ní tirẹ̀.

Ní Sátidé kan, àwòrán náà dáa ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ. Ọmọ rẹ̀ fà mí wọ kíṣìnnì, omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, “Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó ha èyí. Tó bá tún béèrè, pe orúkọ rẹ̀ fún un, èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń pè é. Kò dá èmi mọ̀ mọ́. Ìwọ ló ń gbọ́ tìrẹ.”

Ẹ gbà mí! Obìnrin tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ! Nílé wa, wọn ì báà na ọmọ pa, kò ní pe àgbà lórúkọ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Mo ní bóyá ìjánu yìí á fà á padà. Nígbà tó béèrè, mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, bí ẹni ń tọrọ àforíjì sílẹ̀, mo wá pe orúkọ náà.

Ojú rẹ̀ là. N kò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú arúgbó rí. Kì í ṣe èmi ló dá lóhùn, ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí, ohùn ọmọdébìnrin ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀: “Mò ń bọ̀, Bàbá! Ó ku díẹ̀!” Kí bàbá má baà wọlé bá àwòrán tí kò dáa, ó sáré mú ọ̀bẹ, ó sì ha ojú náà kúrò látòkè délẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ dúró sí tó ń sunkún, ìyá kò sì rí i. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Ìjánu náà fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sọ́dọ̀ wa.

Kò ya ojú kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kí ìgbà òtútù tó dé, ó kú. Nígbà tí wọ́n ń ta ilé náà, ìṣó yẹn ṣì ṣófo.

Èmi náà ti di nọ́ọ̀sì báyìí, Brandywine ni mò ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, Sister ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mummy ni nílé. Màmá mi nìkan ló ń fi oríkì mi pè mí, tó bá pè láti Ìbàdàn. Mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn, kó lè tún un pè. Òun náà ti ń darúgbó. Lọ́jọ́ kan mo pe àwọn ọmọ mi jókòó, mo kọ́ wọn ní oríkì náà, mo ní kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọjọ́ iwájú. Wọ́n wo ara wọn.

“Mummy, we can't call you that,” èyí àgbà wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. “It's rude. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa.”

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo kọ́ wọn.