Òòyà Eléyín Mẹ́ta

Ojú ọ̀tún Wòsílátù, ìyá elépo ní Ìtàjí, ti lọ. Ọwọ́ èmi Àbẹ̀kẹ́ wà ńbẹ̀.

A jọ dàgbà ni. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá fi àlọ́ bi í lábẹ́ òṣùpá tí kò mọ̀ ọ́n, èmi ni mo máa ń sọ ọ́ sí i létí. Mi ò jẹ́ kójú tì í rí.

Lọ́dún tó kọjá, Nọ́ọ̀sì Florence ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa pe gbogbo àwa tá a ní ìtọ̀ ṣúgà.

"Ẹ má dúró dìgbà tójú bá ń dùn yín," ló wí. "Àìsàn yìí máa ń ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́."

Ó gbé páálí kan kọ́. Àwòrán bí òòyà eléyín mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ńlá lókè, wínníwínní nísàlẹ̀. Kéèyàn ṣáà ti sọ ibi tí eyín rẹ̀ kọjú sí.

Wọ́n bo ojú òsì Wòsílátù. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ó dákẹ́.

"Ìyá elépo, ṣé ẹ ti sùn ni?" lẹnì kan kígbe. Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ ìborùn. Mo tì í sókè, ó ní, "Òkè." Mo fà á wálẹ̀, ó ní, "Ìsàlẹ̀."

"Màmá, ojú yín mọ́ ju tèmi lọ!" Nọ́ọ̀sì ò kọ̀wé ilé ìwòsàn ńlá fún un bó ṣe kọ ọ́ fáwọn yòókù. A rẹ́rìn-ín délé.

Kó tó di ìgbà iṣu tuntun, Wòsílátù ń da epo sẹ́yìn ìgò. "Àbẹ̀kẹ́, ó dà bíi pé aláǹtakùn ta owú sí mi lójú."

Dókítà ilé ìwòsàn ńlá ní ẹ̀jẹ̀ ti ya sẹ́yìn ojú náà. Ká ní wọ́n tètè rí i ni, wọn ì bá dá a dúró.

"Wòsílátù, èmi ni mo fọ́ ọ lójú."

"Àwa méjèèjì la jọ purọ́," ló dá mi lóhùn. "Ojú tèmi nìkan ló fọ́."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n yẹ ojú òsì tó kù wò. Irú páálí ọjọ́sí náà ni. Wòsílátù na ọwọ́ sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ abẹ́ itan. Èmi rí òòyà náà kedere. Ẹnu ń yún mi.

Nígbà tí kò kan tèmi, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Mi ò rí i," ni Wòsílátù wí.

"Ẹ ṣeun, màmá. A ṣì lè dá a dúró." Dókítà mú oògùn olómi tó ń ṣí ọmọlójú kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn ojú, ó kán an sí i. Ìgbà náà ni mo tó fa ọwọ́ mi yọ. Ọwọ́ méjèèjì ti kú mọ́ mi lára.