Orin Tí Mo Purọ́ Pé Mo Gbọ́

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ́ ayálégbé ní ilé màmá kan ní Òwu, ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ orin ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn náà ni wọ́n sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ wọn ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé ní Ìbàdàn. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé ni mo rẹ́ǹtì lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé wa lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ewékorò kò jìnnà sí ibẹ̀. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀.

Ọmọ oko ni mí. Wásinmi ni àwọn òbí mi ti ń dáko, ilé àwọn olórìṣà ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọ ọ́fíìsì ni mo ti ń fi í pa mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbi tí mo ti wá, Abẹ́òkúta ni mo máa ń dárúkọ, màá sì yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo lò nílé yẹn, mo lọ kí màmá lọ́sàn-án. Orin kan ń lọ nínú pálọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ìlù, ó kàn ń lọ ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìsinmi."

"Oo, wọlé. Ṣé o máa ń gbọ́ irú orin yìí?"

Mo rí dùùrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rí àwọn ìwé orin tí wọ́n tò jọ, mo rí fọ́tò wọn nínú aṣọ oyè yunifásítì. Èmi tí mi ò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí, àfi bóyá fìrí nínú fíìmù, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."

Ojú wọn tàn. Wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá ti lọ, kò sí ẹni tí àwọn ń bá sọ ọ̀rọ̀ orin kílásíkà mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n fa àwo kan yọ láàárín àwọn àwo wọn, wọ́n ní kí n lọ gbọ́ ọ, kí n wá sọ ohun tí mo rí níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi àwo náà sínú kọ̀ǹpútà mi, mo jókòó tì í. Ká má purọ́, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní èdè tí mi ò gbọ́ ló rí sí mi. Nígbà mìíràn á rọlẹ̀ débi pé màá rò pé iná ti lọ, màá gbé ohùn rẹ̀ sókè, kò ní pẹ́ tí á fi bú mọ́ mi létí. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí oorun fi ń kùn mí. Mo dìde lọ fọ aṣọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó dákẹ́, mo yọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ìpín kìíní nínú mẹ́rin ló parí yẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dá a padà.

"Ibo lo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀?"

"Ibi tí àwọn akọrin ti dá sí i ni, mà. Ohùn wọn wọ̀ mí lára."

Wọ́n wo páálí àwo náà, wọ́n wò mí. "Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì fún mi ní òmíràn.

Báyìí la ṣe bá a lọ fún ọdún kan gbáko. Mo máa ń ka ìwé pélébé tó wà nínú páálí àwo, màá há ọ̀rọ̀ méjì sórí níbẹ̀, màá wá kà á fún wọn bí ẹni pé èmi ni mo rò ó. Tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu mi, màá ní, "Èyí jinlẹ̀, mà." Kò tán síbẹ̀. Mo ń fi í fọ́nnu níbi iṣẹ́. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Ewékorò, màá ki wáyà sí etí méjèèjì, màá di ojú, màá máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Tí ọ̀gá mi tó jókòó tì mí bá bi mí léèrè, màá ní orin kílásíkà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó ń lọ nínú wáyà náà.

Nígbà òjò ọdún kejì, etí màmá bẹ̀rẹ̀ sí í di. A kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ orin wọn ló ti ń gbó. Nígbà tó yá, dókítà fún wọn ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí etí. Ó wúlò fún ọ̀rọ̀ ẹnu, tí èèyàn bá sún mọ́ wọn tó sì rọra sọ ọ́ sókè. Ṣùgbọ́n wọ́n ní orin ti di páànù tí wọ́n ń fi igi lù.

Wọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan. Wọ́n ti gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

"Ìwọ lo mọ orin nínú ilé yìí," ni wọ́n wí. "Jókòó. Màá fi àwo kan sí i, kí o máa sọ bó ṣe ń lọ sí mi létí. Èmi mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi gbọ́ ọ."

Wọ́n yọ ẹ̀rọ tó wà ní etí ọ̀tún, wọ́n fi ti òsì sílẹ̀ fún ohùn mi. Wọ́n wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sórí pákó sípíkà. Orin bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, mà. Ó dùn. Ó ń lọ sókè."

"Sókè kẹ̀? Ohùn tó nípọn ni mò ń gbọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Kí ni ìyẹn?"

"Dùùrù ni, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí pákó. Orin náà ń lọ láàárín wa. Mo ní, "Mà, mi ò mọ ohun tí mò ń gbọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Kí lo wí?"

Ó di dandan kí n pariwo rẹ̀. Ojú fèrèsé ṣí sílẹ̀, àwọn ará ilé kejì sì wà níta. Mo pariwo pé irọ́ ni mò ń pa láti ọdún kan ó lé, pé aṣọ ni mò ń fọ̀ nígbà tí àwo wọn ń lọ, pé nínú páálí ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mò ń sọ. Mi ò tíì fi ohùn tó ga tó bẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan rí láyé mi.

"Mo mọ̀," ni màmá wí. "Àwo tí mo kọ́kọ́ fún ọ, kò sí akọrin kankan nínú rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, mà?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ojú á tì ọ́, o ò sì ní wá mọ́. Mo fẹ́ kí o máa wá. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mò ń retí pé kí o bi mí ní ìbéèrè kan, ẹyọ kan péré. Etí mi ṣì ń gbọ́ nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò lè gbàgbé. Ká ní wọ́n bú mi, ì bá sàn.

Wọ́n bi mí léèrè irú orin tí a ń kọ nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dárúkọ Wásinmi fún wọn. Mo sọ bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń lé orin nígbà ọdún òrìṣà, tí gbogbo agbo ilé á sì gbè é.

"O ti mọ̀ ọ́n nìyẹn," ni wọ́n wí. "Mẹ́rin péré ni àwọn tó wà nínú àwo yìí: fáyólìn méjì, ọ̀kan tó tóbi jù wọ́n lọ díẹ̀, àti ńlá kan tí wọ́n ń fi orúnkún há. Ẹnì kan ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Má gbọ́ gbogbo wọn pọ̀. Mú ẹyọ kan, kí o tẹ̀lé e títí yóò fi dákẹ́."

Ìpín kìíní àwo ọ̀hún nìkan la gbọ́ fún bí ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún. Èmi á máa sọ, àwọn á máa fi ọwọ́ wò ó lórí pákó, wọ́n á ní, "Rárá, wọn ò tíì débẹ̀." Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta ni mo gbọ́ ọ. Orin tí fáyólìn kékeré ń kọ lókè já bọ́ sọ́wọ́ ńlá tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn sì rọra tún un kọ bí àgbà tó ń tún ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ. Mo gbàgbé pé ó yẹ kí n máa sọ ọ́ fún wọn. Màmá wojú mi, wọn ò sì bi mí léèrè. Ìtìjú mi kò fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló pọ̀ sí i, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Lẹ́yìn ọyẹ́, ọmọ wọn wá mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Mo kó àwọn àwo náà sínú páálí fún wọn, wọ́n sì ní kí n mú èyí tí a jọ ń gbọ́. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi kú.

Mo ti mọ ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí. Ibì kan wà nínú ìpín kẹta tí àwọn mẹ́ta dákẹ́, tí fáyólìn kejì nìkan ń lọ fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, kí àwọn yòókù tó padà. Mi ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Mo ti wá a nínú ìwé, mi ò rí i. Ó dá mi lójú pé màmá mọ̀ ọ́n, àti pé láàárín ọdún tí mo fi ń purọ́ fún wọn, ìṣẹ́jú kan ni wọn ì bá fi sọ ọ́ fún mi.