Àjàrà Tí Zannis Fi Ọwọ́ Òsì Hun

Ní abúlé Pirgos, ní erékùṣù Santorini, a kì í jẹ́ kí àjàrà nàró, kí afẹ́fẹ́ òkun má baà gbọn òdòdó rẹ̀ dànù. Nígbà òtútù la máa ń ká ẹ̀ka rẹ̀ mọ́lẹ̀, lórí eérú tí òkè oníná dà sílẹ̀ láyé ijọ́un, a ó hun ẹ̀ka tuntun lé ti èṣí bí apẹ̀rẹ̀ kí èso lè jókòó sínú. Ọ̀tún ni gbogbo wa ń hun ún sí. Zannis nìkan ló ń hun tirẹ̀ sí òsì, torí ọlọ́wọ́ òsì ni. Àwọn aláwàdà a máa bi í bóyá ọwọ́ òsì náà ló fi ń júwe ilé baba rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ wáìnì rẹ̀ rí.

Nígbà tó kú, Anezina ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oko náà. Òun ló ń hun ún, sí òsì bíi ti ọkọ rẹ̀. Wọn ò bímọ. Àwọn apẹ̀rẹ̀ yẹn nìkan ló fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ti bá òun gbé láyé rí. Lọ́dún yìí, làkúrègbé mú un níka. Bẹ́ẹ̀ àjàrà tí a kò hun kó tó rúwé, ti afẹ́fẹ́ ni. Tipátipá ló fi ké sí Yakumi, aládùúgbò rẹ̀, pé kó wá bá òun hun ún.

Ìgbà tí Anezina gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì dé oko fún un lọ́sàn-án, ó ku igi kan péré tí kò tíì hun. Gbogbo ìyókù ti kọrí sí ọ̀tún, wọ́n bo iṣẹ́ Zannis mọ́lẹ̀.

"Mo ti bá yín tún un ṣe, Màmá," ni Yakumi wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Bàbá ò kúkú mọ̀ ọ́n hun. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn."

Ó dun Anezina wọra. Síbẹ̀ ó dúpẹ́, torí a kì í bú ẹni tó ṣe wá lóore. Ó ní kó fi igi tó kù sílẹ̀ fún òun.

Nígbà tí Yakumi lọ tán, Anezina jókòó sínú eérú, ó fa ẹ̀ka sí òsì. Ìka rẹ̀ kọ̀. Ó tún fà á, ẹ̀ka náà dá. Ó fa òmíràn, ìyẹn náà dá. Ó bú sẹ́kún.

Yakumi padà wá mú ọ̀bẹ tó gbàgbé, ó bá a níbẹ̀. Ó wo ẹ̀ka tó dá, ó sì yé e.

"Màmá, ẹ ò bá ti sọ. Mo lè hun ún sí òsì fún yín."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ ọwọ́ rẹ ló máa hun ún, kì í ṣe ọwọ́ Zannis."

Ó na ọwọ́ sí i, ó ní kó fa òun dìde.