Ọdún Mẹ́ta Lórí Ẹrù Dídì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, orí àpótí ni gbogbo wa máa ń jókòó sí nílé wa ní Òtu. Ẹ má rò pé ìṣẹ́ ló fà á o. A ní àga mẹ́rin tó dáa, ṣùgbọ́n bàbá mi ti fi okùn dì wọ́n pọ̀, ó tò wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí pé tiransífà lè dé nígbàkigbà.

Tíṣà ni bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí tiransífà jẹ́ fún tíṣà láyé ìgbà yẹn. Ìwé pélébé kan ni yóò dé láti ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ẹtì, wọn á ní kó o wà ní ìlú mìíràn ní ọjọ́ Ajé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi rí ní Ìgbẹ́tì, kí wọ́n tó bí mi. Iṣu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta nínú ebè ni ìwé dé. Ó fi iṣu sílẹ̀, ó fi adìyẹ sílẹ̀. Lójú ọ̀nà gbágungbàgun yẹn, àpótí rẹ̀ kan já bọ́ lórí lọ́rì, ó fọ́, afẹ́fẹ́ sì gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wọgbó. Ọjọ́ náà ló búra pé tiransífà kò ní bá òun lójijì mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí a dé Òtu, a kò tú ẹrù. Àwa márùn-ún la wà nílé, abọ́ mẹ́rin ló wà níta, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró kí ẹlòmíràn jẹun tán. Ìyá mi fẹ́ gbin ata, bàbá mi ní, "Ta ni yóò ká a?" Ó fẹ́ ra ewúrẹ́, bàbá mi ní, "Ṣé inú àpótí ni yóò wọ̀?" Bí alùpùpù bá dún lójú títì, bàbá mi á gbé abọ́ sílẹ̀, á rò pé ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ló gbé ìwé dé. Onílé wa, bàbá àgbẹ̀ kan, a máa kí i láràárọ̀ pé, "Tíṣà, ẹ ṣì wà? Ẹ kú ìdúró o!"

Ẹ sì wò ó, onígbàgbọ́ ni bàbá mi. Òun ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ á sì dùn gan-an tó bá kan ibi àwọn ẹyẹ tí kì í fúnrúgbìn. Yóò kà á tán, yóò délé, yóò tún okùn àpótí fà kó le.

Ní ọdún kẹta, àlùfáà àgbà kan wá bẹ ìjọ wò ní ọjọ́ ìkórè, wọ́n sì ní ilé wa ni yóò ti jẹun. Ìyá mi ní òun kò lè gbé oúnjẹ fún àlùfáà nínú abọ́ tó ti ya létí, àfi kí wọ́n kó àwo tánganran jáde. Bàbá mi jiyàn títí, kó tó gbà, àlùfáà ti dé, ó ti jókòó sórí àpótí kan. Bàbá mi ń tú okùn àpótí kejì níwájú rẹ̀, òógùn ń bọ́.

Bí ó ti ṣí ìdérí báyìí ni eku kan fò jáde, ó gba orí bàtà àlùfáà kọjá. Àlùfáà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. A wo inú àpótí: eku ti ya kóòtù tí bàbá mi fi ṣègbéyàwó wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fi tẹ́ ibùsùn, ọmọ méje ló sì sùn sórí rẹ̀, ojú wọn kò tíì là.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá wọn, ẹ wò ó. Ilé kan náà la jọ kó wọ̀. Àwọn ti bímọ méje, àwa kò tíì tú ẹrù."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó di apá kóòtù kan tó ṣẹ́kù mú, ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá. Mi ò fẹ́ kó tún rí bíi ti Ìgbẹ́tì."

Àlùfáà nu ojú rẹ̀. "Tíṣà, Ìgbẹ́tì ti lọ. Ibi tí wọn yóò rán yín lọ kò tíì dé. Òtu ni Ọlọ́run fún yín lónìí, ẹ kò sì tíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá mi gbé apá kóòtù náà sílẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ tú okùn àga yẹn, gígé ló gé e. Orí àga ni àlùfáà ti jẹun.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá mi gbin ata, ó ra ewúrẹ́. Bàbá mi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílé, ó kọ ebè. Bí alùpùpù bá dún, ó ṣì máa ń dá òkèlè dúró, ètè rẹ̀ á mì bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà, á sì máa jẹun rẹ̀ lọ.

Tiransífà dé lóòótọ́ ní ọdún kejì lẹ́yìn ìkórè yẹn. Ṣakí ni wọ́n gbé e lọ. Ẹrù kan ṣoṣo kò sí ní dídì! Ọjọ́ mẹ́ta la fi palẹ̀mọ́, bàbá mi ń dì, ó ń kọrin, ìyá mi ń sunkún ata rẹ̀. Onílé ní òun yóò bá wa wa iṣu wa tó bá gbó, ó sì fi í ránṣẹ́ sí wa ní Ṣakí lóòótọ́. Ọjọ́ tí a débẹ̀, kí a tó mumi, bàbá mi ti ní kí a tú ẹrù.

Ayé ti yí padà báyìí. Ẹ̀yin kì í sá fún tiransífà mọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ ń wá a kiri. Ọmọ ọmọ mi kan wà ní Ìbàdàn, ó pé ọdún méjì tó ti ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí pé físà rẹ̀ lè jáde nígbàkigbà. Mi ò ní kó má lọ, mo ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n mo ní kó lọ ra bẹ́ẹ̀dì. Bí físà bá dé, yóò rí ẹni ta bẹ́ẹ̀dì fún. Oorun tí kò sùn lánàá ńkọ́, ọjà wo ni wọ́n ti ń rà á?